Ohùn Ife Láàárọ̀

Otaru, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, 2017

Mizuho ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bràsíìlì yẹn? Ṣé búrẹ́dì ń wú dáadáa, ṣé ọkọ rẹ kò tíì sanra ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín lọ? Ara tèmi le. Orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá bí òtútù ti ń wọlé. Jọ̀ọ́, má pè mí lórí fóònù mọ́. Sípíkà gìtá Isamu, ọkùnrin mi, ti jẹ etí mi tán. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, bí ẹni tó ń din ẹja ni mò ń gbọ́. Lẹ́tà ni kí o máa kọ, lẹ́tà kì í pariwo.

Ìyá Ogata, aládùúgbò wa ìsàlẹ̀ òkè, gbé radíìṣì oníyọ̀ wá fún mi, ó ní kí n bá òun bẹ Isamu kó dín ariwo kù. Mo ní, "Látìgbà tí eyín rẹ ti pé lẹ́nu lo ti ń bẹ̀ wá, kò tíì rẹ̀ ọ́?" A jọ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tún wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n gbé àwo orin wa àtijọ́ dání, èyí tí a ṣe kí wọ́n tó bí wọn. Wọ́n bá Isamu níbi tó ti ń fa gbòǹgbò radíìṣì nínú ọgbà, ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ bá bú sẹ́kún. Ní ìlú yìí, "àwọn aláriwo" ni wọ́n ń pè wá. Àmọ́ ẹnìkan la òkun kọjá wá sunkún sórí radíìṣì wa! Isamu gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó fún wọn ní radíìṣì.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí: ẹ̀rù ń bà mí.

O mọ òfin ilé wa. O kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì tí o ti mọ̀ ọ́n. Orin tí a bá ti ta lórí gìtá lónìí ti kú, a kì í hú òkú. Látìgbà tí irun wa ti dúdú títí tó fi funfun báyìí, Isamu àti èmi kò ta orin kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Bí ọwọ́ ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ padà síbi tí a ti dé rí, ẹnì kejì á gbé igi ìjẹun, á fi lu ife tíì rẹ̀, tin! A ó dákẹ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí ìjà, kò sí àlàyé.

Ní báyìí, orin kan ṣoṣo ni Isamu ń ta láràárọ̀. Á ta okùn gìtá tó wúwo jùlọ lẹ́ẹ̀mẹta. Á dákẹ́ títí kẹ́tùlù omi tíì á fi súfèé. Lẹ́yìn náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè ilé wa yìí, ibi tó bá sì ti dúró mí ni ohùn mi ń gbà wọlé. Ó dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò ní purọ́. Ní ọjọ́ kejì ó tún un ta. Mo lu ife. Ó dúró, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀ mọ́, òun náà ni! Àtìgbà náà ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Báyìí náà ni ti bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, Mizuho. Ìtàn kan náà láàárọ̀, òun náà lálẹ́, títí kò fi mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Bí orí Isamu bá lọ, ta ni màá bá kọrin? Ta ni màá bá jà?

Má sọ fún un pé mo sọ. Fi kọfí ránṣẹ́.

Ìyá rẹ,
Tamae


Sao Paulo, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, 2017

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú orúnkún. Ooru ni àwa ń bá jà níhìn-ín, ìyẹ̀fun ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Ọkọ mi kí yín. Ó ní òun kò tíì sanra ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ ni òun ń gbà wọlé. Kọfí wà nínú àpótí tí ẹ rí yìí.

Mo ka lẹ́tà yín, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ohùn ife yẹn ló ń jí mi lójoojúmọ́ nígbà tí mo ń lọ sílé ìwé. Bùọ̀dá Isamu náà kì í ṣe ẹni tí í ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà kan náà pàápàá kì í gbà lọ sọ́jà lọ́jọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má sọ pé ó ń ṣagídí, ẹ̀yin náà lágídí, ẹ fi tiyín borí tirẹ̀.

Sítóòfù kẹrosíìnì inú ilé yín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ilé òkúta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi gbígbẹ ló kún inú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá yín ti ń kó ẹja ṣáwá pamọ́ síbẹ̀. Bí ẹni tó ń gbàgbé bá ń tan kẹrosíìnì, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀yin àti Bùọ̀dá kò fi orúkọ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ní ìwé kì í kọrin. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n máa pè, èmi nìkan ni mo lè fọwọ́ sí ìwé fún yín. Mo sì jìnnà. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Ọmọ yín,
Mizuho


Otaru, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, 2017

Mizuho ọmọ mi,

Ṣé búrẹ́dì ń wú? Yìnyín ti bo ọgbà wa. Ìyá Ogata gbé radíìṣì oníyọ̀ wá fún mi, ó ní kí n bá òun bẹ Isamu kó dín ariwo kù. Mo ní, "Látìgbà tí eyín rẹ ti pé lẹ́nu lo ti ń bẹ̀ wá, kò tíì rẹ̀ ọ́?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rọ̀ Isamu ti kọjá ẹ̀rín o. Mo ti ọjà dé, mo bá ìkòkò ẹja lórí iná, ó ti jó di èédú, èéfín kún ilé. Mo ní, "Isamu, kí lo ń wò?" Ó ní òun wà lẹ́yìnkùlé, òun kọ́ lòun gbé e kaná. Ẹ gbà mí! Àwa méjì péré là ń gbé inú ilé. Àbí ológbò wa tó ti kú ló dìde wá se ẹja? Lọ́jọ́ mìíràn mo jí, ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu, yìnyín ti wọlé dé ẹsẹ̀ dùùrù mi. Ó ní òun kọ́.

Ó ti ń lẹ bébà káàkiri báyìí. "PA INÁ SÍTÓÒFÙ" wà lára ògiri. "TI ILẸ̀KÙN" wà lára ilẹ̀kùn. "TAMAE Ń MU OÒGÙN LÁÀÁRỌ̀" wà lára àpótí. Oògùn wo? Orúnkún ló ń dùn mí! Orí rẹ̀ kò gba nǹkan mọ́, ògiri ló ń bá a rántí. Ó tún gbé kẹrosíìnì pamọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítóòfù nílé bàbá tó bí mi. Tí mo bá dìde, á dìde. Tí mo bá wọlé ìwẹ̀, màá máa rí òjìji rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná ló ṣe ń ṣọ́ mi. Ọkùnrin tí mo ti bá gbé láti ìgbà èwe, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí báyìí.

Orin yẹn ńkọ́? Láràárọ̀ ni. Mò ń lu ife, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn tí mo bá lù ú, omi á lé sójú rẹ̀. Ta ló ń sunkún nítorí ife?

Kí ni kí n ṣe? Tètè dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ,
Tamae

Mo gbàgbé, kọfí tí mo ní kí o fi ránṣẹ́ kò tíì dé.


Sao Paulo, ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá, 2017

Bùọ̀dá Isamu,

Ẹ kú òtútù. Ẹ má bínú pé ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin lẹ gbé mi kọ́ ọrùn lọ wo ọkọ̀ ojú omi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, n kò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ dọ́gbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi: ìkòkò tó jó, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nínú yìnyín, bébà tí ẹ ń lẹ̀, orin kan ṣoṣo tí ẹ ń ta. Ara yín kò yá, Bùọ̀dá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín ń ba ìyá mi nínú ilé bàbá rẹ̀, èmi kò sì lè jókòó síhìn-ín kí n máa retí ọjọ́ tí wọ́n á pè mí pé iná ti jó ìyá mi mọ́lé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín obìnrin ní Hakodate kí ọdún tó parí. Á mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. N óò wá sílé ní oṣù kẹrin, màá wá ilé àwọn àgbàlagbà tó dáa fún ìyá mi, tàbí kí n mú un wá síhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kó di ohun tí màá fi agídí ṣe.

Mizuho


Sao Paulo, ogúnjọ́ oṣù kìíní, 2018

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún. Mo ti kọ lẹ́tà lé lẹ́tà, ẹ kò fèsì. Ẹ̀rù ti sọ mí di ẹni tí kì í sùn mọ́. Mo fi búrẹ́dì sínú iná lánàá, mo gbàgbé iyọ̀.

Mo pe Ìyá Ogata. Ó ní òun rí Bùọ̀dá Isamu tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin nínú yìnyín, tó ń wẹ̀yìn wò ní gbogbo ìgbà. Ó ní kò sí ohùn kankan nílé yín láàárọ̀ mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ayé mi ni mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Ní báyìí tí wọ́n dákẹ́, n kò lè jẹun àárọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní ọkọ òun ń pe òun, ló bá gbé fóònù sílẹ̀. Mo pè é padà, kò gbé e.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìlà kan ṣoṣo, ìyá mi. Ẹ kọ orúkọ yín lásán kí n rí ọwọ́ yín.

Ọmọ yín,
Mizuho


Otaru, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2018

Mizuho,

Ìyá rẹ wà láàyè. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

N kì í ṣe ẹni tó mọ lẹ́tà kọ, o mọ̀. Farabalẹ̀ bá mi kà á.

Mo lọ sí Hakodate gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ilé kì í ṣe tèmi, ìwọ sì lọmọ. Mo bẹ Ìyá Ogata pé kó máa yà wo Tamae. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ jókòó ti dùùrù, ó ń retí mi, kò rí mi. Ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé. Bàbá Ogata ló rí i létí odò tí wọ́n gbẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú, yìnyín ti bo irun rẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní, "Mò ń wá ẹni tí màá lu ife fún." Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí mo rí ni mo wọ̀ padà wálé. Òtútù ba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ó ti ń san. Òun ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé, n kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mò ń gbàgbé, Mizuho. Ìyá rẹ ni.

Nígbà ooru tó kọjá, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Sapporo. Orúkọ mi kò sí nínú ìwé ìdílé rẹ̀, wọn ò fẹ́ bá mi sọ nǹkan kan, ni mo bá pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ń gbẹ, wọ́n ní kò sí ìwòsàn. Ó sunkún níbẹ̀. Kí ọkọ̀ wa tó dé Otaru, ó ti gbàgbé dókítà. Mo tún un sọ fún un nílé. Ó sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹkún náà tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ni mo bá dẹ́kun. Ta ló lè máa fi ọ̀bẹ kan náà gún èèyàn lójoojúmọ́? Òun ló gbé ìkòkò kaná. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Òun ni mo lẹ bébà fún. Mo mọ̀ pé ó ń fi mí sùn lọ́dọ̀ rẹ. Mo ní kó máa fi mí sùn, ó sàn ju kó máa bẹ̀rù ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orin ló kù. Mò ń wá bí màá ṣe mọ̀, láràárọ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀. N kì í ṣe dókítà, gìtá nìkan ni mo mọ̀. Mo bá rú òfin wa. Orin àná ni mo ń ta. Tí ó bá lu ife, a jẹ́ pé àná ṣì wà lórí rẹ̀. Màá tẹrí ba, màá sì yọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. O bèèrè lọ́wọ́ ara rẹ, bóyá, ohun tó ń pa arúgbó lẹ́kún nítorí ife. Òun nìyẹn. Gbogbo ayé mi, n kò tíì láyọ̀ tó báyìí pé ẹnìkan ní kí n dákẹ́.

Látìgbà tí mo ti padà, ó ń lù ú lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ mìíràn ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí ibi igi ìjẹun, á dúró lójú ọ̀nà, á padà. Wọ́n ti sọ ìgò lù mí lórí pèpéle nígbà èwe mi, ẹ̀rù kò bà mí. Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ kan okùn àkọ́kọ́, ẹ̀rù á ti máa bà mí. Bí àárọ̀ kan bá lọ tí n kò gbọ́ ife yẹn ńkọ́?

Bí o bá fọwọ́ sí i kí wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà, n kò lẹ́nu láti kọ̀. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá láàárọ̀. Àárọ̀ nìkan ni mò ń tọrọ.

Isamu


Sao Paulo, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, 2018

Bàbá mi,

Látìgbà tí mo ti mọ̀ yín, n kò pè yín bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ni mo lé jáde, ẹsẹ̀ ìyá mi ló gba òtútù. N kò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí. Nígbà tí mo tún àwọn lẹ́tà rẹ̀ kà, mo rí i: radíìṣì Ìyá Ogata kan náà, ẹ̀rín kan náà, kọfí tí mo ti fi ránṣẹ́ tó ní kò dé. Ó wà lójú mi, n kò rí i.

N kò fọwọ́ sí nǹkan kan, n kò sì ní fọwọ́ sí i. Níbi tí ìyá mi bá ń jí, níbẹ̀ ni kí ẹ máa jí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mò ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, èmi náà á jókòó tì yín láàárọ̀. Ẹ má lọ síbì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ máa sọ fún mi bóyá ó lù ú.

Ọmọ yín,
Mizuho


Otaru, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, 2018

Mizuho ọmọ mi,

Ṣé búrẹ́dì ń wú? Yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé, ó ń kán tó, tó, tó. Ìyá Ogata gbé radíìṣì oníyọ̀ wá fún mi, ó ní kí n bá òun bẹ Isamu kó dín ariwo kù. O ò ní gbà gbọ́ ohun tí mo sọ fún un.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní lónìí, ìyẹn ni mo fi yára mú bírò. Isamu ti rí orin tuntun! Tuntun pátápátá, ọmọ mi, irú rẹ̀ kò wọ ilé yìí rí. Ó kọ́kọ́ ta okùn tó wúwo jùlọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn, àṣé kẹ́tùlù ló ń dúró dè kó súfèé. Ìgbà náà ló wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè ilé wa yìí. Ibi tó ti dúró mí ni ohùn mi ti wọlé, èmi gan-an kò pè é. Ó kàn wọlé bí ẹni pé ó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

A ta á dé òpin. Nígbà tó parí, Isamu gbé gìtá sílẹ̀. Ife tíì mi ló tẹjú mọ́. Mo ní, "Kí lo ń wá nínú ife mi? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ni?" Mo bu tíì sínú rẹ̀ fún un. Ó gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò mu ún, ó kàn ń sunkún, bàbá arúgbó yìí. Mo ní kó má bà mí lọ́jọ́ jẹ́, orin tó dára tó báyìí kọ́ là ń sunkún sí. Mo tún rán an létí òfin ilé wa, pé bó ti wù kó dùn tó, a kò gbọdọ̀ tún un ta láé. Ó ní òun gbọ́.

Ó dùn mí pé o kò sí níbẹ̀. Igi ìjẹun mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyá rẹ,
Tamae